Àlùbọ́sà Orí Tábìlì Keje

Wọ́n ti nu ẹ̀jẹ̀ náà kí n tó dé. Wọn ò kàn nù ún o. Wọ́n fi ọṣẹ fọ ilẹ̀ láàbù ilé-ìwé náà títí ó fi ń dán, wọ́n to àwọn tábìlì padà, wọ́n lu aago, wọ́n sì kó àwọn ọmọ wọlé wá ṣe ìdánwò bàọ́lọ́jì níbi tí wọ́n ti gbé obìnrin kan jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, tí kò mọ ẹni tó gbé e. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo ilẹ̀ tó ń dán yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìkòkò omi lé mi lórí lásìkò náà, omi ọ̀hún á hó.

Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá ń pè mí ní Atawẹ́wẹ́. Wọ́n ní mo kéré, mo sì ta. Àwọn kan náà ló máa ń sọ fún mi pé ìbínú ò da nǹkan fún ni. Òwe ńlá ni, mi ò bá a jà, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ pa á kò ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ rí.

Ọ̀gá ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ló wá pàdé mi. Àwọn ọmọ ń pè é ní Ọ̀gá Páálí lẹ́yìn, mo sì mọ ìdí rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Aṣọ funfun ló wọ̀, sítáàṣì inú rẹ̀ pọ̀ débi pé bí ó bá bọ́ ọ, aṣọ náà á dá dúró láìsí olówó rẹ̀. Ó ń dún pàràpàrà bí ó ti ń bọ̀. Kódà áńkáṣíìfù tó ki bọ àpò àyà, tó ká ní igun mẹ́ta, gan bí ìwé. Ọwọ́ òsì ló fi júwe àga fún mi. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò, kò sì yọ ọ́.

"Ẹ káàbọ̀, màdámù," ni ó wí. "A ò ní dá yín dúró pẹ́. A ti bá yín mú ọ̀daràn náà, ó ti wà ní àgọ́ yín."

"Ta ló nu ilẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́?"

"Mo ní ta ló nu ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀ yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń rẹ ọmọdé lẹ́kún. "Àwọn ọmọ fẹ́ ṣe ìdánwò, màdámù. Ẹ mọ̀ pé ọjọ́ òní ò ṣe é sún."

"Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ wá ń pa làpálàpá," mo dá a lóhùn. Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Obìnrin kan wà tó ń tọ́jú láàbù náà, Ìyá Láàbù ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, ó ti to tábìlì mẹ́wàá fún ìdánwò. Lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan ni nǹkan kan wà tí ọmọ gbọ́dọ̀ wò kí ó tó dáhùn ìbéèrè: ewé, egungun, kòkòrò, àdán inú ìgò. Bí aago bá dún, ọmọ á sún sí tábìlì tó kàn. Ẹni tó bá mókè jù lọ nínú ìdánwò yìí nìkan ni ilé-ìwé náà máa rán lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn lọ́fẹ̀ẹ́, orúkọ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jáde kí ọ́fíìsì tó tì lónìí. Ní òwúrọ̀, wọ́n bá Ìyá Láàbù nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì keje, ilẹ̀kùn wà ní títì, orí rẹ̀ ti gbá etí tábìlì, ìgò áyódìn sì fọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wà ní ọsibítù, kò tíì lajú.

"Ọmọ tó mókè jù ló ṣe é," Ọ̀gá Páálí wí. "Ìdáhùn mẹ́wàá, ó gba mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ọmọ káfíńtà, màdámù! Ibo ló ti rí i? Ó wọ láàbù lánàá láti yọjú wo ìdánwò, ìyá náà ká a mọ́, ó sì tì í ṣubú. Ẹ lọ wo ìka ọwọ́ rẹ̀. Áyódìn inú ìgò yẹn ṣì wà níbẹ̀."

"Bí obìnrin yẹn bá kú ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé ẹjọ́ ìpànìyàn ni," ó wí, ó sì wo aago ògiri. "Èmi máa ní láti fi orúkọ ẹni tó ṣe ipò kejì ránṣẹ́."

* * *

Bàbá ọmọ náà wà lórí bẹ́ǹṣì ní àgọ́ wa. Iṣẹ́ ló ti sáré wá, lẹ́búlẹ́bú pákó ṣì wà lórí rẹ̀ àti nínú irùngbọ̀n. Ó dìde nígbà tó rí mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ọmọ yìí, bí ó bá jẹ́ pé ó ṣe é, èmi fúnra mi ni màá fà á lé yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò ṣe é."

"Ẹ jókòó, bàbá. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ti ẹnu rẹ̀."

Ọmọbìnrin náà kò sunkún. Ó jókòó ṣánṣán, ó di ẹnu pọ̀, mo sì rí i pé inú tó ń bí i kò kéré sí tèmi. Mo ní kó na ọwọ́. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ẹni tó bó obì tútù.

"Kí lèyí?"

"Áyódìn ni, mà."

"Báwo ló ṣe débẹ̀?"

"Èmi ni mo nu ilẹ̀."

Mo rọra jókòó.

"Mo máa ń tètè dé láti bá Ìyá Láàbù fọ ìgò," ó ń sọ ọ́ lọ, kò gbójú sílẹ̀. "Láàárọ̀ yìí ilẹ̀kùn wà ní títì, mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí ẹsẹ̀ wọn nílẹ̀. Mo pariwo. Ọ̀gá dé, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ wọn ṣí i. Àwa àti ọlọ́dẹ la gbé wọn sínú ọkọ̀. Bí ọkọ̀ ṣe lọ báyìí, Ọ̀gá ju àkísà sí mi. Wọ́n ní, 'Nu ibẹ̀ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ tó dé, má sì ba ìdánwò àwọn ọmọlọ́mọ jẹ́.' Áyódìn náà ti gbẹ mọ́ ilẹ̀, mo da omi sí i kí ó tó ṣí. Ọwọ́ lásán ni mo fi nù ún, mà. Áyódìn àti ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn ìdánwò, nígbà tí èsì jáde, wọ́n di ọwọ́ mi mú níwájú gbogbo kíláàsì, wọ́n ní kí wọ́n wá wo ọwọ́ olè."

Bàbá rẹ̀ gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi náà gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi kò yẹ àgọ́ ọlọ́pàá.

"Wọ́n ní kò sí bí ọmọ bíi tìẹ ṣe lè mọ gbogbo rẹ̀," mo wí.

"Ẹ dán mi wò."

Mo fa ìwé bàọ́lọ́jì yọ nínú báàgì rẹ̀, mo ṣí i níbi tó bá wù mí.

"Aláǹtakùn. Ṣé kòkòrò ni?"

"Rárá, mà. Ẹsẹ̀ mẹ́fà ni kòkòrò ní, ara rẹ̀ sì pín sí mẹ́ta. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni ti aláǹtakùn, ara rẹ̀ pín sí méjì. Òun àti àkekèé ló jọ jẹ́ mọ̀lẹ́bí."

"Àdán ńkọ́? Ẹyẹ ni àbí ẹranko?"

"Ẹranko ni. Ó ń bímọ, ó ń fọ́mọ lọ́yàn. Awọ ló fi ń fò, kò ní ìyẹ́."

"Níbo ni igi ti ń rí oúnjẹ?"

"Ó ń sè é fúnra rẹ̀ nínú ewé. Oòrùn ni iná rẹ̀. Ó ń fa omi láti ilẹ̀, ó sì ń gba atẹ́gùn tí èmi àti ẹ̀yin ń mí síta."

Mo fo ojú ewé púpọ̀. "Ọkọ jẹ́ AS, ìyàwó jẹ́ AS. Àkọ́bí wọn jẹ́ SS. Ṣé àwọn tó kù ti bọ́?"

"Wọn ò bọ́ o. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń ta ayò tirẹ̀. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá lóyún, ọ̀nà mẹ́rin ló wà, ewu wà nínú ọ̀kan."

"Ọkàn èèyàn, yàrá mélòó?"

"Mẹ́rin. Apá ọ̀tún ń rán ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, apá òsì ń rán an lọ sí gbogbo ara."

"Oògùn tó ń pa bakitéríà, ṣé ó lè wo ọ̀fìnkìn sàn?"

"Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀fìnkìn, mà, oògùn yẹn ò mọ̀ ọ́n rí. Ẹ bi mí léyìí tó le."

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì yára fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo pa ìwé náà dé. Ẹni tó ní kànga nílé kì í lọ jí omi aládùúgbò bù. Ọmọ yìí kò ní ohun tó fẹ́ wá ní láàbù ní ìrọ̀lẹ́ àná, ẹni tó wọ ibẹ̀ ni ẹni tí kànga tirẹ̀ gbẹ.

* * *

Olùkọ́ bàọ́lọ́jì ni mo kọ́kọ́ fura sí, mi ò ní purọ́ fún yín. Ọkùnrin tín-ín-rín kan ni, ó wọ ẹ̀wù funfun tí wọ́n ń wọ̀ ní láàbù. Bó ṣe nawọ́ sí mi báyìí, mo rí i: ẹnu apá ẹ̀wù náà ní àbàwọ́n mélòó kan tó dúdú bí aró.

"Tíṣà, kí lèyí?"

"Áyódìn ni."

"Irọ́!" Mo fi ọwọ́ gbá tábìlì. "Mo ti rí áyódìn lọ́wọ́ ọmọ tí ẹ rán lọ sí àtìmọ́lé. Pupa rẹ́súrẹ́sú ni. Dúdú ni èyí."

Ó wò mí bí olùkọ́ ṣe ń wo ọmọ tó jókòó sẹ́yìn kíláàsì. "Ẹ má bínú, ọ̀gá mi. Sítáàṣì ni ìyàwó mi fi sí ẹ̀wù yìí. Bí áyódìn bá kan sítáàṣì, yálà nínú ẹ̀gẹ́ ni tàbí nínú ìrẹsì tàbí lára aṣọ, dúdú aró ló ń dà. Ìdánwò àkọ́kọ́ tí a ń kọ́ ọmọ láàbù nìyẹn. Kò sí sítáàṣì lára èèyàn, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ ọmọ yẹn fi pọ́n."

"Ó dáa. Ẹ ti jẹ́wọ́ pé áyódìn ta sí yín lára."

"Ní kíláàsì ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni! Àná, ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà tí mo ti ń kọ́ni ni mo wà láti ìrọ̀lẹ́. Ẹ pè wọ́n."

Mo pè wọ́n níṣojú rẹ̀. Obìnrin tó gbé fóònù sọ pé Tíṣà ló kọ́ àwọn títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn, ó tiẹ̀ tún bi mí pé ṣé kò ṣàìsàn. Ojú tì mí díẹ̀, ìyẹn sì tún bí mi nínú sí i.

"Ẹ̀yin náà ṣe ìdánwò lórí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́," mo wí.

Ó sọ orí kọ́. "Ọ̀gá ní bí mi ò bá ṣe é, kí n kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo ní ọmọ mẹ́rin. Èmi náà ni mo tún tábìlì keje tò."

"Ẹ tún un tò báwo?"

"Àlùbọ́sà ni Ìyá Láàbù gbé síbẹ̀. Èèpo rẹ̀ tó fẹ́lẹ́ ni àwọn ọmọ ì bá wò lábẹ́ awò amúǹkantóbi, áyódìn la fi máa ń kùn ún kí ó lè hàn. Ìgò áyódìn ti fọ́, àlùbọ́sà náà ti rin gbingbin. Mo jù ú nù. Mo ha inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara mi, mo fi aró kùn ún, mo fi sábẹ́ awò. Ìbéèrè náà kò yí padà: kí ni ẹ rí, ti igi ni àbí ti ẹranko?"

Àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ. Èmi náà ti ń dorí kodò látàárọ̀, ìgbà yìí ni mo tó rí ibi tí ẹyẹ náà bà sí.

"Tíṣà, ta ló mọ̀ pé àlùbọ́sà ló wà níbẹ̀ lánàá?"

"Ìyá Láàbù. Òun nìkan ló tò ó. Èmi gan-an, àárọ̀ yìí ni mo tó rí i."

"Ta ló ṣe ipò kejì?"

Ó wo ilẹ̀kùn kí ó tó dáhùn. "Ọmọ Ọ̀gá. Ó gba mẹ́sàn-án."

"Èwo ló kùnà?"

"Keje," Tíṣà wí. Bí ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu rẹ̀, ó fi ọwọ́ di orí mú.

* * *

Mo ní kí wọ́n pe ọmọ náà wá sí abẹ́ igi tó wà níwájú láàbù. Ọmọkùnrin gíga kan ni, ó fi ọ̀wọ̀ kí mi, kò sì jọ ọmọ burúkú.

"Kí lo rí lábẹ́ awò ní tábìlì keje?"

"Àlùbọ́sà, mà."

"Kí lo rí tó fi jẹ́ àlùbọ́sà?"

"Ó... ó ní àwọn ilé kéékèèké, mà. Ògiri yí wọn ká."

"Mo ti wo ìwé ìdáhùn gbogbo yín. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ èèyàn. Àwọn tí kò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n sọ pé ẹranko, àwọn mìíràn fi àyè sílẹ̀. Ìwọ nìkan lo pe àlùbọ́sà, nínú ilé tí kò sí àlùbọ́sà."

Ẹyin lohùn, ó ti bọ́, ó ti fọ́. Ọmọ náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀, etí rẹ̀ pọ́n.

"Ibo lo wà lánàá?"

"A lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ilé-ìwé kejì, mà. Gbogbo wa la jọ wọ bọ́ọ̀sì. Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó dé. Ẹ bi olùkọ́ eré ìdárayá."

Mo bi í. Òótọ́ ni. Mo padà dúró tì í. "Ọmọ mi, ìwọ kọ́ lo wọ láàbù. Ta ló sọ fún ọ?"

Omi lé sí i lójú. Mi ò tún bi í mọ́. Kò yẹ kí wọ́n fi ọmọ sí irú ipò yẹn, kí ó máa fi ẹnu ara rẹ̀ ta bàbá rẹ̀. Ìyẹn náà tún jẹ́ gbèsè tí mo gbé rù dé ọ́fíìsì.

* * *

Fọ́ọ̀mù kọ́lẹ́ẹ̀jì wà níwájú Ọ̀gá Páálí nígbà tí a wọlé. Èmi, Tíṣà, ọmọ káfíńtà àti bàbá rẹ̀ ni. Mo ti rán ọkọ̀ lọ gbé wọn. Inú Ọ̀gá Páálí kò dùn láti rí wọn.

"Màdámù, kí ni ọ̀daràn ń wá nínú ọ́fíìsì mi?"

"Ó wá ṣe ìdánwò. Ẹ̀yin náà máa ṣe. Kí ni iṣẹ́ áyódìn, sà?"

"Èmi? Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì. Kí ló kàn mí kan bàọ́lọ́jì?"

"Àlùbọ́sà ńkọ́? Ṣé kò kàn yín?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lẹ́sẹẹsẹ: ohun tó wà ní tábìlì keje lánàá, ohun tó wà níbẹ̀ lónìí, ohun tí ọmọ rẹ̀ rí tí kò sí níbẹ̀. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lójú rẹ̀.

"Mo rí àlùbọ́sà láàárọ̀, nígbà tí mo gbé ìyá náà!" ó wí. "Bóyá mo mẹ́nu bà á létí ọmọ mi. Ṣé ìyẹn ló wá sọ mí di apànìyàn?"

"Kò sọ yín dì í. Ẹ nu òógùn yín, sà."

Ó fa áńkáṣíìfù rẹ̀ yọ ní àpò àyà. Aṣọ mìíràn ló wọ̀ sí ara lónìí, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ ojú ayọ́n inú áńkáṣíìfù rẹ̀ kí ó má bàa bàjẹ́. Bí ó bá ti ká a, kì í tú u. Inú àpò àná ni ó ti ń gbé e bọ́ sí àpò òní. Igun tó yọ síta funfun báláú. Ó gbọ̀n ọ́n ṣí. Inú rẹ̀ dúdú aró láti etí dé etí, ìṣẹ́po lórí ìṣẹ́po.

Gbogbo wa wò ó. Òun gan-an wò ó jù wá lọ, nítorí kò tíì rí i rí. Nínú òkùnkùn ló ti fi nu ọwọ́, inú òkùnkùn náà ló ti ká a padà.

"Íńkì ni," ó wí. "Pẹ́ẹ̀nì mi ló jò."

"Áyódìn ni."

"Áyódìn!" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rò pé òun ti rí mi mú. "Màdámù, ẹ ò mọ áyódìn. Áyódìn kì í dúdú. Pupa rẹ́súrẹ́sú ló ń ṣe! Ẹ wò ó!" Ó sì yọ ọwọ́ ọ̀tún tó ti ń fi pamọ́ látàárọ̀, ó nà án sójú mi. Àtẹ́lẹwọ́ àti ìka pọ́n rẹ́súrẹ́sú, bíi tọmọ káfíńtà gẹ́lẹ́.

Ó wo ọwọ́ náà, ó fẹ́ fà á padà, ṣùgbọ́n èmi ti di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Mo... nígbà tí mo gbé e láàárọ̀ ni..."

"Tíṣà," mo ké sí i.

Olùkọ́ náà mú ìgò áyódìn kékeré jáde, èyí tó yá ní yàrá ìtọ́jú aláìsàn. Ó kán ẹyọ kan sí etí aṣọ ọmọ káfíńtà tí kò rí sítáàṣì rí. Ó pọ́n. Ó kán ẹyọ kan sí apá aṣọ Ọ̀gá Páálí. Ó dúdú lójú gbogbo wa, bákan náà pẹ̀lú ti áńkáṣíìfù, kò yàtọ̀.

"Láàárọ̀, áyódìn ti gbẹ," mo wí. "Ọmọ yìí da omi sí i kí ó tó ṣí nílẹ̀. Èyí tó gbẹ kò lè rin áńkáṣíìfù dé ìṣẹ́po inú. Ìgbà tó tutù lẹ fi nù ún, sà, ìgbà tí ìgò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́. Ìrọ̀lẹ́ àná. Kọ́kọ́rọ́ yín lẹ fi wọlé, Ìyá Láàbù ká yín mọ́ ibẹ̀, ẹ tì í. Lẹ́yìn náà, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kan náà ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn."

Ó jókòó. Sítáàṣì ara rẹ̀ dún, ó sì dákẹ́. "Mo rò pé ó ti kú," ó wí. "Kò mira. Mi ò fẹ́ tì í lágbára. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní òun máa sọ fún ìgbìmọ̀ òbí. Ọmọ mi kan ṣoṣo nìyẹn, màdámù. Kí ni mi ò ní ṣe fún un?"

Ọmọ káfíńtà tẹ̀ síwájú. Bàbá rẹ̀ fẹ́ fà á sẹ́yìn, mo ní kó fi í sílẹ̀. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò lè gbàgbé.

"Ìbéèrè kan ló kù, sà," ó wí. Ìbínú ló kún ohùn rẹ̀. "Kí ni ọpọlọ máa ń gbà lára ẹ̀jẹ̀?"

Ọ̀gá Páálí gbójú sílẹ̀.

"Atẹ́gùn ni, sà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, tí ẹnì kan ò bá dí i, atẹ́gùn ò ní dé ibẹ̀ tó. Ọmọ ọdún kìíní mọ̀ ọ́n. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ wá fún mi ní àkísà."

Mo kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Ọ̀gá Páálí lọ́wọ́. Bí bàtà wa ti ń dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́bàá ògiri, ó wo bàbá rẹ̀, kò sì lè kí i. Nínú ọ́fíìsì, Tíṣà mú pẹ́ẹ̀nì, ó fagi lé orúkọ tó wà nínú fọ́ọ̀mù, ó kọ orúkọ ọmọbìnrin náà, ó sì sáré gbé e lọ. Káfíńtà jókòó sórí àga Ọ̀gá láìmọ̀, ó ń fi ẹ̀wù nu ojú.

Bí mo ti fi Ọ̀gá sínú ọkọ̀ ọlọ́pàá, fóònù mi dún níta. Dókítà ló pè. Mo tẹ́tí, mo dúpẹ́, mo sì padà wọlé.

"Ìyá Láàbù ti lajú," mo wí.

Ọmọbìnrin náà fò sókè. Ó di bàbá rẹ̀ mú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí eyín rẹ̀ láti àárọ̀. Lẹ́yìn náà ló rí ojú mi.

"Kí ló kù, mà?"

"Dókítà ní ọwọ́ ọ̀tún kò tíì gbé. Ẹsẹ̀ ọ̀tún náà. Ọ̀rọ̀ kò sì tíì jáde lẹ́nu wọn." Mo gbìyànjú láti fi ohùn mi tù ú. "Bóyá oorun ló ṣì ń kùn wọ́n. Bóyá ọwọ́ ni wọ́n fi ṣubú."

Mo rí i tó ń rántí bí ó ṣe bá Ìyá Láàbù nílẹ̀, ibi tí orí wà, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Nínú gbogbo ìbéèrè ọjọ́ náà, èyí nìkan ni mo gbàdúrà pé kí ó kùnà.

"Apá òsì orí ni wọ́n fi gbá tábìlì, mà," ó wí jẹ́jẹ́. "Apá òsì ọpọlọ ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún. Òun náà ló ń mú èèyàn sọ̀rọ̀." Ó sì fi ìka rẹ̀ tó pọ́n bo ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.